Mo nà wọ́n tán, wọ́n tún jà ní géètì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. JSS 2 ni mò ń kọ́, ọmọ 58 ló wà nínú kíláàsì. Ọmọkùnrin méjì tó jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan máa ń jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí rúlà tàbí báírò. Mo ní kí wọ́n kúnlẹ̀ níwájú, mo na àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n tún wọ̀yá ìjà ní géètì. Kí ni kí n ṣe? — Tíṣà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, Tíṣà. Ojú ẹgbẹ́ wọn lẹ ti fìyà jẹ wọ́n, òun ló gbé ìjà náà dé géètì. Ọmọ tó kúnlẹ̀ tí ẹni 56 ń wò ó kò rántí rúlà mọ́, bí ìtìjú náà á ṣe kúrò lára rẹ̀ ló ń rò. Ẹni tó mú rúlà àti ẹni tó ni ín sì gba ẹgba kan náà, ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má ti iwájú pátákó pariwo. Ẹ rìn lọ bá wọn, kí ẹ fohùn jẹ́jẹ́ pe orúkọ wọn. Bí wọ́n bá ti di ara wọn mú, ẹ rán mónítọ̀ lọ pe tíṣà kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ẹ má dá di ẹnì kan mú, torí ẹni tí ẹ bá dì mú ni ìkejì á rí gbá. Kí ẹ kọ ìbéèrè méjì sójú pátákó, kí àwọn yòókù máa dáhùn rẹ̀ sínú ìwé. Òǹwòran ló ń bu epo síná ìjà.

Ó di bíréèkì kí ẹ tó gbọ́ ẹjọ́, torí ọmọ tó ṣì ń mí hẹlẹ-hẹlẹ kò lè rojọ́ tó já geere. Ẹ gbọ́ tẹnu wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ má béèrè pé "Kí ló dé tó o fi nà án?", àwáwí ló ń fà jáde. Ẹ ní, "Kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀?" Ẹ tẹ́tí sí "ìyá ẹ" àti orúkọ yẹ̀yẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, èébú ìyá ló wà nídìí ọ̀rọ̀ rúlà, bí wọn ò bá sì tọrọ àforíjì fún un, dídá rúlà padà kò parí ìjà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa wọ́n pọ̀, kí oníkálukú kọ́kọ́ sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu ìkejì kó tó sọ tirẹ̀.

Ẹ yà wọ́n sí bẹ́ǹṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn kíláàsì. Kí ẹ máa kọ ọjọ́, aago àti ohun tó fà á sínú ìwé kan. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ lè wá rí i pé ìgbà tí ẹ bá kọjú sí pátákó ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé yẹn náà lẹ máa fi han àwọn òbí.

Lọ́jọ́ tí ìjà bá wáyé, ẹ ní kí ọ̀kan bá yín kó ìwé lọ sí ọ́fíìsì nígbà tí ẹ bá ń jáde, títí ìkejì á fi kọjá géètì.