Orúkọ àfẹ́sọ́nà yín kò sí níbẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Mo gbọ́ pé èsì àyẹ̀wò HIV tí wọ́n ń ṣe láti ojúlé dé ojúlé lọ́dún 2018 ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbéyàwó wa ti ń súnmọ́lé. Báwo ni mo ṣe lè wo ti àfẹ́sọ́nà mi?

Ìdáhùn: Ẹ ò lè wò ó. Ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lóòótọ́ ni wọ́n ṣe ìwádìí kan tí à ń pè ní NAIIS ní 2018, olùwádìí sì lè béèrè fún dátà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú dátà ọ̀hún? Nọ́ńbà lásán: obìnrin, ẹni ọdún mélòó, ẹkùn wo, ṣé ó lo kọ́ńdọ̀mù, ṣé ó ní kòkòrò náà. Wọ́n ti yọ orúkọ àti àdírẹ́sì kúrò kó tó dé ọ̀dọ̀ irú àwa. Nínú àwọn ìwádìí DHS (ìwádìí ìlera tí wọ́n ń ṣe láti ilé dé ilé), tí wọ́n fi ara jọ ọ́, wọ́n tiẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sún àmì ibi tí wọ́n dé kúrò ní àyè rẹ̀ lórí máàpù, ó lè tó kìlómítà 2 nígboro, tàbí 5 lábúlé, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ agbolé tí wọ́n wọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun bá yín wo orúkọ, gbájúẹ̀ ni. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ohun tí dátà yìí wà fún yàtọ̀. Kó tó jáde ní 2019, a rò pé àgbàlagbà 2.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní HIV ní Nàìjíríà. Ó já sí 1.4 láàrin ẹni ọdún 15 sí 49. Ó jẹ́ 3.1 ní Gúúsù-Gúúsù, 0.6 ní Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn. Ìyẹn la fi ń mọ ibi tó yẹ kí àyẹ̀wò, kọ́ńdọ̀mù àti oògùn pọ̀ sí.

Ká tiẹ̀ ní orúkọ ọkùnrin yín wà níbẹ̀, kí ni èsì 2018 fẹ́ sọ fún yín nípa òní? Inú ilé ni wọ́n ti fún oníkálukú ní èsì tirẹ̀ nígbà náà. Ẹ bi í.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ ṣàyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí ohun tó ń bà yín lẹ́rù kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ ó tún un ṣe nígbà tó bá pé. Bí ọ̀kan nínú yín bá ní in, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní kó o ran ẹnì kejì nípa ìbálòpọ̀. Dókítà tó bá rí yín lójúkojú ni yóò sọ èyí tó kàn. Lẹ́tà lásán ni mo rí.

Ẹ má sì lọ bẹ nọ́ọ̀sì tí ẹ mọ̀ pé kó bá yín yọjú sí fáìlì àfẹ́sọ́nà yín. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.