Èsì: Kí ni Juno tún padà wá ṣe lọ́dọ̀ wa?

Ẹ̀gbọ́n Yábà, Juno, ọkọ̀ gbalasa òfuurufú tí wọ́n rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà, ò ṣìnà o. Àfikún eré sísá ló wá gbà nígbà tó gba ẹ̀gbẹ́ Ayé kọjá ní oṣù Kẹwàá 2013. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé e lọ ní 2011 ò lágbára tó láti tì í dé Júpítà tààrà.

Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń wọ bàtà onítáyà, tí wọ́n máa ń di ẹ̀yìn dánfó mú ní Ìkòròdú Road (ẹ̀mí wọn ò jọ wọ́n lójú!). Ayé náà ń sáré yí Oòrùn ká, bẹ́ẹ̀ náà sì ni agbára òòfà rẹ̀ (èyí tó ń fa nǹkan wálẹ̀) ṣe wọ́ Juno síwájú.

Àmọ́ ẹ̀yìn Ayé ló gbọ́dọ̀ gbà. Tó bá gba iwájú, eré rẹ̀ á dín kù ni.

Nígbà tó dé Júpítà ní oṣù Keje 2016, ó tún ní láti tan ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú 35 kó lè dẹ eré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kàn kọjá lọ ni.