Ẹ Dá Ṣíbí Padà Sọ́wọ́ Bàbá

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló gbé mi wá. Télọ̀ ni wọ́n, ẹni ọdún 63, kò sẹ́ni tó fẹ́ rán agbádá ládùúgbò wa tí ò mọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Oṣù kẹjọ rèé tí stroke kọ lù wọ́n, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló mú, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà ò já geere mọ́. A dúpẹ́, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn, dókítà sì ní ọwọ́ yẹn ṣì máa dáa ju báyìí lọ torí ìka wọn ti ń mira díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ò fẹ́ ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹni tó ń wá bá wọn ṣe físíò nílé, ìyẹn eré ìmárale tó ń jẹ́ kí apá àti ẹsẹ̀ tó rọ ṣiṣẹ́ padà, wọ́n ti lé e. Tí àlejò bá ti wọlé, ẹkún. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn fún wa, ẹ̀rín ni bàbá bú sí, ojú tì wá débi pé a ò mọ ibi tá a máa wò. Oúnjẹ, òkèlè méjì péré, ó parí. Wọn kì í sùn lóru. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n sọ fún mi pé ó sàn káwọn ti kú lọ́jọ́ yẹn ju káwọn di ẹrù sí wa lọ́rùn lọ. Àwa ọmọ ò sì fi wọ́n sílẹ̀ o, à ń wẹ̀ fún wọn, à ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, wọn ò tiẹ̀ ní láti na ọwọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, àwọn kan ní bàbá ti ya ọ̀lẹ. Kí ni ká ṣe? Ọmọ Télọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Télọ̀, ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, kò sí ọ̀lẹ kankan níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ ọ̀rọ̀ yẹn létí bàbá mọ́. Apá ló rọ lóòótọ́ àmọ́ inú ọpọlọ ni ìjà náà ti ṣẹlẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ ò rọ́nà kọjá síbì kan níbẹ̀ àbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́. Ọpọlọ yẹn náà la fi ń banú jẹ́, òun la fi ń dunú, òun ló ń jẹ́ kó wu èèyàn láti dìde láàárọ̀. Báwo ni nǹkan ṣe máa bà jẹ́ níbẹ̀ tí inú èèyàn ò ní fara gbá a?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹkún àti ẹ̀rín yẹn. Ọpọlọ ní ibi tó fi ń kó ẹkún àti ẹ̀rín níjàánu, tí stroke bá ba ibẹ̀ jẹ́, ìjánu já nìyẹn, nǹkan kékeré tó yẹ kó kàn mú ojú rọ̀ á di ẹkún ńlá, ẹ̀rín sì lè bọ́ jáde níbi tí inú ti bà jẹ́ gan-an. Bàbá ò fi ikú ẹ̀gbọ́n wọn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bójú sì ṣe tì yín tó lọ́jọ́ yẹn, tiwọn á jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò kàn lè ṣàlàyé ni. Kí àlejò tó wọlé, ẹ ti sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé bàbá lè sunkún, àìsàn yẹn ló ń fà á, kó má bá wọn sun ún, kó má sì máa ṣìpẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ dákẹ́ díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mí-ìn, á lọ. Tó bá ń ṣe é lemọ́lemọ́, ẹ sọ fún dókítà, oògùn wà fún un.

Àmọ́ oúnjẹ tí ò lọ, oorun tí ò wá, físíò tí wọ́n lé, ìyẹn yàtọ̀ sí ti ẹkún. Ó jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lójú mi, èyí táwọn dókítà ń pè ní depression, ó sì wọ́pọ̀ lẹ́yìn stroke gan-an, tẹ́ ẹ bá rí ẹni 3 tí stroke bá, ó máa ń tó ẹni 1 nínú wọn tó máa ní in. Ọgbẹ́ inú ọpọlọ fúnra ẹ̀ lè fà á, ohun tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn náà lè fà á. Ẹ rò ó wò, ọwọ́ ọ̀tún tó ti gé aṣọ látìgbà ọmọdé, tó ń gé e láì tiẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì ṣàmì, òun ló wá sùn sórí itan báyìí, táwọn ọmọ tó bí ń fi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ikú tí wọ́n sọ yẹn, ẹ má kọjá lórí ẹ̀. Mo mọ̀ pé nílé wa tí àgbàlagbà bá sọ irú ẹ̀, “ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́” la máa ń fi dá wọn lóhùn, gbogbo wa á sì dìde. Ẹ má dìde. Ẹ jókòó tì wọ́n lálẹ́ nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́, kẹ́ ẹ bi wọ́n láìfi bò, “Bàbá, ṣé ẹ ti ń rò ó láti pa ara yín ni?” Bíbéèrè ò ní fi èrò yẹn sí wọn lọ́kàn tí kò bá sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n á rẹ́ni sọ ọ́ fún. Ẹ kó oògùn eku àti oògùn ẹ̀fọn kúrò nílé, kẹ́ ẹ jẹ́ kí oògùn tí wọ́n ń lò máa wà lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá wà rárá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ ọsibítù. Tí wọ́n bá tiẹ̀ ní rárá, ẹ ṣì gbé wọn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.

Ìjẹ̀bú-Òde sí Abẹ́òkúta ò jìnnà. Mo mọ̀ pé tí mo bá ti dárúkọ Aro báyìí, ọsibítù tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, ẹlòmíì á ní ṣé bàbá ti ya wèrè ni. Rárá o. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, ńṣe ló jẹ́ káwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù yẹn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn tó tẹ̀ lé wọn wá, wọ́n ń gbàtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, torí ó rí i pé ara èèyàn kì í tètè yá tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò láàárín èèyàn. Tí Aro bá ṣì ń ba àwọn mọ̀lẹ́bí lẹ́rù, ọsibítù ńlá UCH n'Íbàdàn náà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọkàn. Tí wọ́n bá fún bàbá ní oògùn, ẹ ní sùúrù fún un, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó máa rí ìyàtọ̀, ẹ má sì fọwọ́ ara yín dá a dúró. Ní ti ọ̀tá, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹ máa gbàdúrà yín, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni kẹ́nì kankan má sọ pé kí bàbá jáwọ́ nínú ẹ̀, torí ibẹ̀ ni stroke kejì ti máa ń wọlé.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà díẹ̀ rèé, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ní wọn ò tiẹ̀ ní láti na ọwọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé iṣẹ́ wọn ti tán láyé. Ọwọ́ náà sì gbọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà l'Amẹ́ríkà, Edward Taub, ní Yunifásítì Alabama tó wà ní Birmingham, òun ló ṣàlàyé pé ẹni tí stroke bá máa kọ́kọ́ gbìyànjú ọwọ́ yẹn, nǹkan á já bọ́, ojú á tì í, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tó dáa ṣe gbogbo ẹ̀, nígbà tí ọpọlọ bá wá sàn díẹ̀ tí ọwọ́ yẹn ti lè ṣe nǹkan, ẹni tó ni ín ti jáwọ́ nínú ẹ̀. Ìtọ́jú tó gbé jáde ni pé kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ ńlá de ọwọ́ tó dáa ní ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí èyí tó rọ máa ṣiṣẹ́. Èsì tó jáde ní 2006 lórí èèyàn 222 tí stroke wọn ti pé oṣù 3 sí 9 fi hàn pé ọwọ́ àwọn tó gba ìtọ́jú yìí dáa ju ti àwọn tí ò gbà á lọ, ẹ̀yin ẹ wò ó, oṣù kẹjọ ni bàbá yín wà. Ẹ má dá a ṣe nílé ṣá o, ọwọ́ òsì yẹn ni wọ́n fi ń di ọ̀pá mú. Ẹ lọ bẹ ẹni tó ń ṣe físíò yẹn kó padà wá, òun ló máa sọ bóyá ó bá wọn mu.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà ní stroke, tiwọn bá ọwọ́ òsì. Lọ́jọ́ kan ọmọ wọn obìnrin gbé abọ́ ẹ̀gúsí síwájú wọn, ó ní “Màámi, ẹ bá mi bó o,” ó gbé báàgì, ó gba ọjà lọ. Gbogbo àárọ̀ yẹn, bóyá ni wọ́n bó tó ogún hóró, ìdajì ẹ̀ fọ́, ọwọ́ yẹn ń gbọ̀n, òógùn ń kán sílẹ̀ ní imú wọn. Mo jókòó síbẹ̀, ara mi ò gbà á, mo na ọwọ́ kí n gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù! Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn kí wọ́n bínú bẹ́ẹ̀ yẹn kẹ́yìn, inú mi dùn débi pé mo lọ sunkún nínú kíṣìnì. Nígbà tó dalẹ́, wọ́n ń bi gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá a ti jẹ nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àwọn.

Torí náà ẹ dá ṣíbí padà fún bàbá. Ẹ fi àkísà wé ọwọ́ ẹ̀ kó tóbi kí ìka wọn lè dì í mú, oúnjẹ á dà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó dà, ẹ tẹ́ nǹkan sílẹ̀. Òkèlè mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kó jẹ́ tiwọn, kẹ́ ẹ tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀ tí kò tètè jáde, ẹ dúró dè wọ́n, ẹ má bá wọn parí ẹ̀, ẹ má sì máa pariwo mọ́ wọn, etí wọn ò di. Máṣíìnì wọn ńkọ́? Ó dá mi lójú pé ẹ ti fi aṣọ bò ó. Ẹ ṣí i. Ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kó wá máa gé aṣọ níwájú wọn, kó sì máa béèrè ibi tó yẹ kí sísọ́ọ̀sì gbà, kí bàbá máa fi ìka ọwọ́ ọ̀tún yẹn tọ́ka sí i, tó bá gé e ṣì, kí wọ́n bú u.

Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ pín ọjọ́ láàárín ara yín kí ẹnì kan má dá a rù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 27 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọ̀kadà ni mò ń gùn kí tírélà tó gbá mi lọ́dún tó kọjá, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì mi nísàlẹ̀ orúnkún. Mà, ìka ẹsẹ̀ tí ò sí níbẹ̀ mọ́ ló ń yún mi lóru, nígbà mí-ìn á dà bíi pé wọ́n ń lọ́ ọ, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n má bàa ní orí mi ti dà rú. Mi ò jáde mọ́. Ìgbà tí mo jáde kẹ́yìn, mo dúró de mọ́tò lẹ́bàá títì, màmá kan kàn ju ₦200 síwájú mi, ó ń bá tiẹ̀ lọ. D., Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: D., àbúrò mi, orí ẹ pé. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀ ló máa ń ní i, wọn kì í kàn sọ ọ́ ni, torí ohun tí ìwọ náà ò ṣe sọ ọ́ yẹn. Dókítà Amẹ́ríkà kan, Silas Weir Mitchell, tó tọ́jú àwọn sójà nígbà ogun abẹ́lé wọn, ló pè é ní phantom limb ní 1871, ìyẹn ẹ̀yà ara tí ò sí mọ́ tó ṣì ń ṣe èèyàn bíi pé ó wà. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ yẹn kúrò lára, àmọ́ àyè ẹ̀ ṣì wà nínú ọpọlọ, ọpọlọ ṣì ń retí ìròyìn láti ibẹ̀, ìrora yẹn kì í sì í ṣe àfọkànrò, ìrora gidi ni. Dókítà lè fún ẹ ní oògùn fún un. Nígbà tó kù díẹ̀ kí 2000 pé, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní California, Ramachandran, bẹ̀rẹ̀ sí í lo dígí fún un: wàá jókòó, wàá gbé dígí sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì kó kọjú sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó o bá wo inú ẹ̀, wàá rí ẹsẹ̀ méjì. Wá máa mi ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún jẹ́jẹ́, na ọrùn ẹsẹ̀, ká a, kó o máa wo èyí tó wà nínú dígí bíi pé òun náà ń na ara ẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, àmọ́ ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀.

₦200 yẹn dùn mí nígbà tí mo kà á. Màmá yẹn ò rí ẹ, ẹsẹ̀ tí ò sí ló rí, ó sì ti parí ìtàn ẹ fún ẹ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, mú owó náà, pe màmá, dá a padà fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, “Ẹ ṣé mà, mọ́tò ni mò ń dúró dè.” Yinka Shonibare, ọmọ wa tó dàgbà l'Ékòó tó wá di gbajúmọ̀ ayàwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí àìsàn kọ lu eegun ẹ̀yìn ẹ̀, apá kan ara ẹ̀ rọ, títí dòní ló ń gba àwọn èèyàn síṣẹ́ tó ń bá a ṣe èyí tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè ṣe, iṣẹ́ tirẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é. Bó o bá ń wáṣẹ́, mọ̀ pé òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní January 2019 ní kí àwọn aláìlera tó ìdá 5 nínú 100 lára òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba bó bá ti ṣeé ṣe tó, kó o sì sọ ọ́ níwájú wọn. Lọ béèrè ní ọsibítù eegun tó wà ní Ìgbóbì l'Ékòó nípa ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tó bá ìwọ̀n ẹ mu.

Dígí náà, ra èyí tó gùn láti orúnkún dé ilẹ̀, kó o máa fi ṣe é bí ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́, kó tó di pé o sùn. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn oṣù kan, kó o sọ fún mi bóyá ìka yẹn ṣì ń yún ẹ.