Fífi alumíníọ̀mù ṣe àjà tuntun sábẹ́ àjà asbestos

Ẹ kú iṣẹ́ ilé, Mà. Ẹ ní pálọ̀ yín ní Òkè-Àro, Àkúrẹ́, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14, pé asbestos onígun mẹ́rin tí wọ́n fi bátẹ́ẹ̀nì bo ojú ìpàdé rẹ̀ ni àjà ibẹ̀, ó ti dúdú, ẹ sì fẹ́ fi alumíníọ̀mù tó ní bátànì pààrọ̀ rẹ̀ láìná owó POP. Ó ṣeé ṣe, ó sì máa ń rẹwà. Àmọ́ ẹ má gbà kí káfíńtà kankan gun àkàbà kó máa fi òòlù wó èyí tó wà níbẹ̀.

Asbestos tó bá dúró jẹ́ẹ́ kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Tí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n fi ayùn gé e tàbí tí wọ́n dá a lu ni eruku rẹ̀ ń dìde, fọ́nrán inú eruku náà kéré débi pé ojú kò lè rí i, èyí tó bá sì wọ ẹ̀dọ̀fóró lè má jáde mọ́. Jẹjẹrẹ tó ń fà lè pẹ́ tó ogún ọdún sí ogójì kó tó yọjú. Ìdí nìyẹn tí àwọn káfíńtà fi máa ń sọ pé “ó ti pẹ́ tá a ti ń wó o, kò ṣe wá ní nǹkan kan.” Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n kan férémù tuntun sábẹ́ rẹ̀. Gíga yàrá máa dín ní bí íǹṣì mẹ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí pátákó asbestos kan bá ti ń já bọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi omi ọṣẹ rin ín dáadáa, kí wọ́n lo ìbòmú FFP3, ìyẹn irú tó ń sẹ́ eruku wẹ́wẹ́ (aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò dá nǹkan kan dúró), kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lódidi, kí wọ́n wé e ní ọ̀rá nínípọn ní ìlọ́po méjì. Kí wọ́n má gbálẹ̀ ní gbígbẹ, kí wọ́n má sì sun ún.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí òjò ńlá kan rọ̀, kí ẹ wo òrùlé. Àjà alumíníọ̀mù máa ń fi ibi tó ń jò pa mọ́: omi á kán síbí, á ṣàn lórí irin, á wá jáde ní igun mìíràn.

Ní ti alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gé páànù long-span ni ẹ máa lọ. Ẹ béèrè stucco, ìyẹn èyí tí ojú rẹ̀ rí kuruku-kuruku bí èèpo ọsàn, kí nínípọn rẹ̀ jẹ́ 0.45 mm. Wọ́n lè fẹ́ ta 0.55 fún yín. Kò wúlò nínú ilé, òjò kò ní í lù ú, ẹnikẹ́ni kò sì ní í tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ra èyí tó tẹ́jú tó ń dán gbinrin, torí gbogbo pákó tó bá wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló máa tú àṣírí rẹ̀ bí iná bá ti tàn lálẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, tó bá jẹ́ owó nìkan lẹ ń wò, ó ṣeé ṣe kí PVC dínwó jù ú lọ. Àmọ́ PVC máa ń rọ̀, á sì tẹ̀, níbi tí ooru bá ti pọ̀, iná sì ń mú un. Alumíníọ̀mù kì í jóná, ikán kì í sì í jẹ ẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà ń dàrú rèé: ẹsẹ̀ bàtà ni káfíńtà fi ń wọn, mítà ni onípáànù fi ń gé. Fífẹ̀ róòlù alumíníọ̀mù jẹ́ 1200 mm. Tí wọ́n bá pín in sí méjì, 600 mm lẹ máa rí. Ẹsẹ̀ bàtà méjì sì lé díẹ̀ ní 609. Káfíńtà tó bá kan pákó rẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì-méjì, tó bá fi máa dé ẹyọ keje, ó ti fi 67 mm ṣìnà, etí alumíníọ̀mù á wá máa rọ̀ láìsí igi lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé 604 mm ni ẹ fẹ́ láti àárín pákó kan dé àárín èkejì. Àlàfo 4 mm á ṣẹ́ kù láàárín alumíníọ̀mù méjì, inú àlàfo yẹn sì ni síkírúù á gbà. Ooru ló fà á tí a fi nílò rẹ̀: bí ooru inú àjà bá fi ìwọ̀n 20 Celsius lé sí i, mítà kan alumíníọ̀mù máa ń gùn sí i ní bí ìdajì mìlímítà. Ẹni tó fi odidi páànù ẹsẹ̀ 12 ṣe é, tó kan án mọ́lẹ̀ lórí àti nídìí, kò fún un láyè láti nà, ló ṣe máa ń wú.

Nínú pálọ̀ tiyín, ẹyọ mẹ́fà ló máa wọ ẹsẹ̀ 12, méje á wọ ẹsẹ̀ 14, àpapọ̀ 42. Àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kọ̀ọ̀kan á jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, kọ́nìsì oníńṣì mẹ́ta á sì bò ó, kódà bí ògiri bá wọ́ díẹ̀. Àárín yàrá ni kí wọ́n ti fi okùn pín in wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Ẹyọ 42 yẹn gba mítà 12.6 lára róòlù. Ẹ fi mítà 2.4 kún un fún bátẹ́ẹ̀nì tó máa bo àwọn àlàfo náà, kí àpapọ̀ jẹ́ mítà 15. Kí oníṣọ́ọ̀bù gé mítà 2.4 yẹn sí tẹ́ẹ́rẹ́ 52 mm, kó ká etí rẹ̀ méjèèjì wọlé kó fi lè jẹ́ 40 mm. Etí tí wọ́n ká yìí ni kì í jẹ́ kó máa rọ̀, kì í sì í gé èèyàn lọ́wọ́. Ẹyọ 23 ló máa jáde, 22 ni iṣẹ́ yín máa gbà.

Pákó 2×2 ẹlẹ́sẹ̀ 12 mọ́kàndínlógún ni kí ẹ rà: mẹ́jọ fún èyí tó máa dábùú yàrá, mẹ́sàn-án tí wọ́n máa gé wẹ́wẹ́ sáàárín wọn, méjì fún èyí tó bá wọ́. Pákó gbígbẹ ni kó jẹ́. Èyí tó bá tutù láti sọ́mìlì máa lọ́ bó bá ṣe ń gbẹ lókè, àjà á sì máa ṣe wọ́rọ́wọ́rọ́. Tó bá jẹ́ pákó tí wọ́n fi oògùn oníkọ́pà pa láró, tó rí bíi àwọ̀ ewé, kí wọ́n kun ún kí alumíníọ̀mù tó kàn án, torí bí omi bá dé ibẹ̀, kọ́pà á jẹ ẹ́. Alumíníọ̀mù 42 yẹn kò ju kílò 19 lọ. Igi ló wúwo, ó lè tó kílò 90. Nítorí náà, kí wọ́n fi síkírúù-díráfà gún pákó àtijọ́ lókè wò bóyá ikán ti jẹ ẹ́, kí wọ́n sì kan àwọn 2×2 ẹ̀gbẹ́ mọ́ ara ògiri gan-an.

Láti gbé pákó tuntun dúró láìdá asbestos lu, kí wọ́n dábùú rẹ̀ sórí bátẹ́ẹ̀nì àtijọ́, kí síkírúù oníńṣì mẹ́rin gba ojú bátẹ́ẹ̀nì wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú ìpàdé pátákó méjì wà, igi sì wà lókè rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni irú ibẹ̀ máa ń wà. Kí wọ́n fín omi ọṣẹ síbẹ̀ kí wọ́n tó dè é, torí ẹsẹ̀ síkírúù lè ha etí pátákó. Lẹ́fẹ́lì ńkọ́? Rọ́bà olómi tí bíríkìlà ń lò ti tó. Okùn ni kí pákó tuntun tẹ̀lé, kó má tẹ̀lé àjà àtijọ́ tó ti tẹ̀.

Síkírúù oníńṣì kan, nọ́ńbà 6, tí wọ́n fi sínkì pa láró, 300 tó. Kó má jẹ́ ti bàbà. Ọ̀kan ní oríta bátẹ́ẹ̀nì, ọ̀kan láàárín oríta méjì. Bí oníṣẹ́ bá fi agbára dè é jù, bátẹ́ẹ̀nì á jìn sínú, kò sì ṣeé tún ṣe.

Iná ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe àìbìkítà jù. Irin ni ẹ ń gbé sábẹ́ wáyà. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti so wáyà pọ̀ pẹ̀lú téèpù dúdú lásán, kí oníná kó o sínú àpótí rẹ̀. Ihò tí wáyà máa gbà kọjá lára alumíníọ̀mù gbọ́dọ̀ ní rọ́bà létí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí irin á máa ge ara wáyà díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n pa iná láti méènì, jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà pẹ̀lú. Ínfátà ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ìkọ́ fáànù gbọ́dọ̀ ti ara igi òrùlé wá, kò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ 2×2 tuntun.

Kí gbogbo iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì parí kí alumíníọ̀mù tó gòkè, torí àbàwọ́n sìmẹ́ǹtì tútù kì í kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, kí wọ́n ṣí i ní ọjọ́ tí wọ́n bá kàn án. Bó bá pẹ́ nínú ooru, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í fẹ́ kúrò mọ́.

Kí wọ́n tó kan kọ́nìsì, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lálẹ́, kí iná rẹ̀ gba abẹ́ àjà kọjá. Ibi tó bá wú tàbí tó tẹ̀ á hàn kedere, wọ́n ṣì lè tú síkírúù kí wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ tì í lẹ́yìn. Bí kọ́nìsì bá ti gòkè, káfíńtà á ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn.