Kí ló dé tí àwọn ará Baltistan fi ń fẹ́ abo yìnyín fún akọ yìnyín?

Ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí fẹ́ mọ̀ bóyá ìbọ̀rìṣà ni àṣà náà. Mùsùlùmí ni àwọn ará Baltistan, agbègbè olókè kan ní àríwá Pakísítánì. Yìnyín tí à ń wí níbí ni omi dídì ńlá tó máa ń wà lórí òkè láti ọdún dé ọdún. Ọ̀rọ̀ omi ló bí àṣà wọn yìí, bí ilẹ̀ wọn ṣe rí ló sì fà á.

Láàárín àwọn òkè Karakoram, níbi tí Íńdíà àti Pakísítánì ti ń du ilẹ̀ láti ọdún 1947, ni àfonífojì odò Shyok wà. Siachen, yìnyín ńlá tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 76, tí àwọn ọmọ ogun sì ti ń ṣọ́ láti ọdún 1984, ló ń yọ́ sínú odò Nubra. Nubra dà sínú Shyok, Shyok sì gba ẹ̀gbẹ́ abúlé Turtuk kọjá ààlà lọ sí Khaplu ní Baltistan, kí ó tó pàdé odò Indus. Ṣùgbọ́n inú kòtò jíjìn ni odò náà ń gbà, orí pèpéle ilẹ̀ tó ga jù ú lọ ni oko wà, òjò kò sì tó nǹkan. Omi yìnyín tó ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ ni ọkà báálì àti igi àpíríkọ́ọ̀tì ń mu. Abúlé tí kò ní yìnyín lókè orí rẹ̀ wà nínú ìṣòro.

Irú abúlé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ìgbéyàwó yìí, kí yìnyín tuntun lè dàgbà lókè rẹ̀. Akọ yìnyín ni èyí tí òkúta àti erùpẹ̀ bò, tó dúdú, tí omi rẹ̀ kò pọ̀. Abo ni èyí tó funfun, tó ń tú omi jáde dáadáa. Ẹni tó mọ akọ ìbépe yàtọ̀ sí abo kò ní rí i bí ohun àjèjì. Wọ́n á gé nínú méjèèjì, wọ́n á pọ̀n ọ́n lọ sí ibi òjìji tó ga ju mítà 4,000 lọ, wọ́n á tò ó sáàárín àpáta pẹ̀lú akèrègbè omi, wọ́n á sì fi èédú àti ìyàngbò bò ó pẹ̀lú àdúrà.

Lójú tèmi, ibi tí wọ́n yàn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí òtútù máa ń há sáàárín àpáta, òjò dídì sì ń ya lulẹ̀ síbẹ̀. Àkíyèsí wọn nípa akọ náà tọ̀nà, torí pé òkúta tó bá nípọn kì í jẹ́ kí oòrùn tètè yọ́ yìnyín. Kí a má fi wé òkìtì yìnyín onígogoro tí Sonam Wangchuk, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Ladakh ní Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 2013. Ìyẹn ń yọ́ fún oko lọ́dọọdún, nígbà tí ti Baltistan jẹ́ èyí tí wọ́n ń retí pé kí ó dàgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún.