Fọ̀ wo ló wà nínú ògbufọ̀?

Òkun o, àbúrò. O ní ẹnìkan sọ fún ọ pé ògbufọ̀, ẹni tó ń bá ni sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ní èdè mìíràn, ni ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíì, tó sì fọ̀ ọ́ mọ́ bí ẹni ń fọ aṣọ, o wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni. Àlàyé yẹn dùn, n kò sì bá a wí, torí ohùn kan náà ni fọ̀ méjèèjì ní. Àmọ́ ẹni tó fọhùn, ṣé omi ló bù sí i?

Fọ̀ yìí, sọ̀rọ̀ ló túmọ̀ sí. Lọ́dọ̀ wa níbí, nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìyárà, bí àlejò bá bi mí ní nǹkan, tí mo dákẹ́ tí mò ń fi ìka ẹsẹ̀ walẹ̀, ìyá àgbà á gbá mi léjìká: "Fọ̀!" Kò ní í fi nǹkan kan lé e. Èkìtì ń sọ ọ́, Oǹdó náà ń sọ ọ́. Lẹ́nu ará Ọ̀yọ́, sọ̀rọ̀ àti wí ló ti gba ipò rẹ̀, ni fọ̀ bá sá pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn: fọhùn, ọfọ̀ tí àwọn àgbà ń pè, àti fèdè fọ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fèdè fọ̀ láago méjì òru, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà mi ló wà lẹ́nu yín.

Ibi tó wù mí jù ni u tó wà láàárín. Tú ògbufọ̀ palẹ̀: ò, gbà, ufọ̀. Ufọ̀ ni ohun tí a fọ̀. Yorùbá inú ìwé kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ilé àti iṣẹ́ ni tiwọn, Èkìtì ló ń wí pé ulé àti uṣẹ́. Lójú tèmi, ipa ẹsẹ̀ àwa ará ìlà oòrùn ni u yẹn. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní ògbifọ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì ní agbègbè yìí. Ní 1841, nígbà tí ọkọ̀ òyìnbó tí Ajayi Crowther wà nínú rẹ̀ gòkè odò Ọya, ògbufọ̀ ni wọ́n fi bá Àtá, ọba Igálà, sọ̀rọ̀ ní Ìdàh. Ní Lọ́kọ́ja lónìí, ará Ọ̀wọ̀rọ̀ tó gbọ́ Nupe àti Hausa lè ṣe é lọ́jà láìgba kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá jókòó ti ìwé, tó ń yí i sí èdè mìíràn, ẹ má pè é ní ògbufọ̀. Atúmọ̀ èdè nìyẹn, kò fọ̀.