Ṣé wọ́n á fa gbèsè líìsì ìyá ọkọ mi rẹ́?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, bùrọ̀dá lọ́yà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Yellowknife, ní Northwest Territories lókè Kánádà níbí, ọmọ Dene sì ni ọkọ mi, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé níbí. Ìyá ọkọ mi ní ahéré kan létí adágún ní ọ̀nà Ingraham Trail, bàbá tó bí wọn ló kọ́ ọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹja tí wọ́n sì ń dẹ pàkúté. Nígbà tó yá ìjọba ní kí wọ́n wá gba líìsì, líìsì ìgbafẹ́ ni wọ́n kọ fún wọn, màmá buwọ́ lù ú. Látìgbà tí ọkọ wọn ti kú wọn ò rí ríńtì san mọ́, bíìlì tó dé báyìí ti lé ní dọ́là 6,000 pẹ̀lú èlé. A gbọ́ pé ìjọba ń gbé irú gbèsè báyìí kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ onílẹ̀ tó bá bèèrè. Ṣé òótọ́ ni, àbí kí màmá kàn dá líìsì yẹn padà fún wọn kí wọ́n sinmi?

Ìdáhùn:

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé, ẹ bá mi kí màmá gan-an. Kí wọ́n má dá líìsì yẹn padà o. Kí wọ́n má tíì buwọ́ lu ohunkóhun. Ọ̀nà wà lóòótọ́ tí ìjọba lè gbà gbé gbèsè kúrò lọ́rùn èèyàn, àmọ́ kẹ́ ẹ tó bèèrè, ẹ ní láti mọ ohun tí wọ́n pe ahéré yẹn nínú fáìlì, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹ mọ ìṣákọ́lẹ̀ nílé. Àlejò tó gba ilẹ̀ dáko ló ń san án fún onílẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì gbé iṣu àti epo lọ ló ń jẹ́wọ́ pé òun kọ́ lòun ni ilẹ̀. Líìsì ìgbafẹ́ náà nìyẹn. Ẹni tó ń ti ìgboro wa bóòtù lọ najú lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n ṣe é fún, kò sì burú tónítọ̀hún bá san ríńtì. Wọ́n wá gbé ìwé yẹn kan náà fún obìnrin tí bàbá ẹ̀ ń dẹ àwọ̀n níbẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ líìsì, wọ́n ní kó máa san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá ẹ̀, kò rówó san, èlé ń gorí èlé. Ó dùn mí nígbà tí mo rí bíìlì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, mi ò lè purọ́.

Àmọ́ ọwọ́ tí màmá bu lùwé ò pa ẹ̀tọ́ wọn rẹ́. Àwọn Dene apá ọ̀dọ̀ yín wọnú Àdéhùn 8, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn àdéhùn tí ìjọba Kánádà bá àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣe, ní Fort Resolution lọ́dún 1900, àdéhùn yẹn sì ṣèlérí pé wọ́n á máa ṣọdẹ, wọ́n á máa dẹ pàkúté, wọ́n á máa pẹja bí wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀. Abala 35 nínú òfin ìpìlẹ̀ Kánádà ti 1982 ló ń dáàbò bo ìlérí yẹn. Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ fún lọ́yà yín, R. v. Sundown, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà ló dá a lọ́dún 1999. John Sundown, ọmọ Cree, ìran ọmọ onílẹ̀ míì, ní Saskatchewan, gé igi nínú ọgbà igbó ìjọba, ó fi kọ́ ahéré tí á máa sùn sí tó bá wá ṣọdẹ, wọ́n bá gbé e lọ kóòtù pé kò gbàṣẹ. Kóòtù ní ọdẹ tó rìn jìnnà wá sígbó gbọ́dọ̀ ríbi forí pamọ́ sí, kó ríbi yan ẹran, torí náà ahéré yẹn ń bá ẹ̀tọ́ ìṣọdẹ ẹ̀ rìn ni, ó sì jàre. Àdéhùn 6 ni tiẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọdẹ àti ahéré kan náà ni.

Ibi tó ta kókó nínú ìdájọ́ yẹn nìyí, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á débẹ̀. Kóòtù ní ahéré yẹn kì í ṣe ti Sundown nìkan, ti gbogbo ìlú ẹ̀ ni. Ilẹ̀ ẹbí nìyẹn, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Ìwọ tó ń lò ó lónìí ò lè dá a tà, o ò lè fi yáwó ní báńkì. Líìsì ní tiẹ̀, tí ìjọba bá fọwọ́ sí i, èèyàn lè gbé e fún ẹlòmíì kó gbowó lórí ẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí màmá má tíì dá a padà, kí gbogbo ilé jókòó sọ ọ́ ná. Ẹ̀yin fúnra yín náà, ẹ má bínú sí mi, torí pé ẹ jẹ́ ìyàwó ilé ò sọ yín di ọmọ Àdéhùn 8, ẹ̀tọ́ yẹn ọ̀dọ̀ ọkọ yín àti àwọn ọmọ ni yóò gbà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìjòyè ìlú wọn bóyá orúkọ àwọn ọmọ ti wà nínú ìwé orúkọ àwọn ọmọ ìlú.

Ó wá ku gbèsè. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú òfin ìnáwó ìjọba Northwest Territories, wọ́n jọra lẹ́nu àmọ́ wọn ò jọra rárá: write-off àti forgiveness. Write-off, ìjọba yọ gbèsè kúrò nínú ìwé ìṣirò tiwọn ni, torí wọ́n rò pé àwọn ò lè rí i gbà, ṣùgbọ́n ẹ ṣì jẹ wọ́n, lọ́jọ́ tówó yín bá bọ́ sọ́wọ́ wọn wọ́n lè yọ ọ́. Forgiveness ni gbèsè kú pátápátá. Mo ti rí bàbá kan tó gba lẹ́tà write-off láti ọ́fíìsì kan, ó ra ohun mímu fún gbogbo àdúgbò, lọ́dún méjì sí i wọ́n mú owó tó ń retí. Bàbá yẹn jókòó síwájú mi, lẹ́tà náà ṣì wà ní ṣíṣẹ́ nínú àpò àyà ẹ̀. Tí lẹ́tà bá dé, ọ̀rọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá nínú ẹ̀. Tówó bá pọ̀, àwọn aṣòfin ló máa ń fọwọ́ sí i nínú òfin tí wọ́n ń pè ní Forgiveness of Debts Act, kò lè yá bí ẹ ṣe fẹ́.

Owó orí ilé tún wà lọ́tọ̀ o, ọ́fíìsì Finance ló ń gbà á, fífa ríńtì rẹ́ ò kàn án. Àmọ́ òfin kan wà tó ń dín in kù fún àgbàlagbà, kí màmá bèèrè.

Ẹ kọ lẹ́tà lórúkọ màmá sí Environment and Climate Change, ọ́fíìsì ìjọba Northwest Territories tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ báyìí, torí Department of Lands tó wà lórí ìwé àtijọ́ ti wọnú ẹ̀ ní April 2023. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìṣirò látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ya ríńtì sọ́tọ̀ kúrò lára èlé. Tí líìsì bá ti wà ṣáájú April 2014, ó lè jẹ́ ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa ni wọ́n ti gbà á, ẹ wá rìsíìtì àtijọ́, nínú agolo, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibikíbi. Ẹ sọ gbangba nínú lẹ́tà pé ahéré ìṣọdẹ ni, kí ìlú wọn náà kọ lẹ́tà tì í.

Nínú fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, pẹpẹ igi kan wà lẹ́yìn ahéré, ẹja là sí méjì-méjì lórí ẹ̀, èéfín ń lọ lábẹ́ ẹ̀, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ tẹ fọ́tò yẹn jáde, ẹ kọ déètì sẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ irú ẹja tó jẹ́ àti ẹni tó pa á, kẹ́ ẹ fi mọ́ lẹ́tà náà.